Osborne, ilé etí òkun tí Ọbabìnrin Victoria fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jogún

Kò sí ará Èkó tí kò mọ Victoria Island. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ńláńlá tó wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ tó ń pariwo orúkọ ibẹ̀ ní ibùdókọ̀, àti àwọn tó kàn ń lọ gba atẹ́gùn létí òkun, ojoojúmọ́ ni gbogbo wọn ń dárúkọ obìnrin kan tó ti kú láti ọdún 1901, láìrántí rẹ̀ rárá. Obìnrin náà ni Victoria, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó wà lórí ìtẹ́ fún ọdún 63 àti oṣù 7. Bí ìjọba rẹ̀ ṣe tàn dé Íńdíà, Kánádà, Ọsirélíà àti Èkó ni àwọn ìwé ìtàn sábà máa ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ obìnrin náà gan-an, kì í ṣe London ni yóò wá a lọ. Erékùṣù Isle of Wight, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni kó gbà lọ, níbi tí ilé Osborne dúró sí lókè etí òkun. Owó ara wọn ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi ra ibẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ ni pé kí ilé náà má ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹbí òun. Kò tíì pé ọdún méjì tó kú tí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin fi fà á lé orílẹ̀-èdè lọ́wọ́.

Kí èyí tó lè yéni, ó yẹ kí ènìyàn mọ irú ìgbà ọmọdé tó ní. Ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 1819 ni wọ́n bí i sí ààfin Kensington ní London. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí bàbá rẹ̀, Edward tí í ṣe Ọmọọba Kent, fi jáde láyé. Ọwọ́ ìyá rẹ̀, tó wá láti ilẹ̀ Jámánì, ló dàgbà sí, ìtọ́jú náà sì le ju ti ẹlẹ́wọ̀n lọ. Yàrá ìyá rẹ̀ ló ń sùn, wọn kò sì jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìjẹ́ pé ẹnìkan di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí wọ́n wá jí i láàárọ̀ ọjọ́ 20, oṣù Kẹfà, ọdún 1837, láti sọ fún un pé arákùnrin bàbá rẹ̀ ti wàjà, pé òun ló kàn. Lára àwọn àṣẹ tó kọ́kọ́ pa lọ́jọ́ náà ni pé kí wọ́n gbé ibùsùn rẹ̀ kúrò ní yàrá ìyá rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, yàrá tí òun nìkan yóò máa sùn ló ń wá.

Ọdún 1840, ní ọjọ́ 10, oṣù Kejì, ló fẹ́ Albert, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ láti ilẹ̀ Jámánì. Níwọ̀n bí kò ti sí ọkùnrin tó lè kọnu ìfẹ́ sí ọba tó wà lórí ìtẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Albert pé òun fẹ́ ẹ. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n bí fún ara wọn láàárín ọdún 1840 sí 1857. Ìfẹ́ tó wà láàárín wọn kì í ṣe àsọdùn àwọn òǹkọ̀wé, nítorí ìyókù ayé obìnrin yìí jẹ́rìí sí i.

Ààfin pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ ilé. Buckingham àti Windsor, ti orílẹ̀-èdè ni, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì ń pàṣẹ ohun tí wọn yóò tún ṣe níbẹ̀. Ààfin kẹta wà nílùú Brighton létí òkun, èyí tí George Kẹrin, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kọ́ bí ilé àwọn ọba Íńdíà. Ilé àti ènìyàn ti yí ààfin yẹn ká débi pé agbára káká ni wọ́n fi ń rí òkun láti ojú fèrèsé, bí wọ́n bá sì jáde, àwọn ará ìlú a máa tẹ̀ lé wọn, wọn a máa wò wọ́n bí ẹni wo eégún. Ni Ọbabìnrin bá rántí Isle of Wight, níbi tí wọ́n mú un lọ lọ́dún 1831 àti 1833 nígbà tó wà lọ́mọdé. Robert Peel, olórí ìjọba nígbà náà, bá wọn wá ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Osborne, ilẹ̀ arábìnrin Isabella Blachford. Wọ́n kọ́kọ́ gba ibẹ̀ gbé lọ́dún 1844 láti wò ó bóyá ó lè bá wọn lára mu. Nígbà tó di ọdún 1845, wọ́n rà á tán pátápátá. Láìpẹ́, ìlú Brighton ra ààfin tiwọn lọ́dún 1850, owó ibẹ̀ sì wúlò fún iṣẹ́ ilé tuntun.

Ilé tó wà lórí ilẹ̀ náà kéré, nítorí náà Albert pinnu láti kọ́ òmíràn. Thomas Cubitt, kọ́lékọ́lé tó kọ́ púpọ̀ nínú àwọn àdúgbò olówó ní London, ló bá a ṣe é. Lójú Albert, òkun tó wà níwájú wọn jọ etí òkun Naples ní ilẹ̀ Ítálì, nítorí náà àrà àwọn ará Ítálì ló dá sí ilé náà: ilé ìṣọ́ gíga méjì, ọ̀kan fún àsíá, ọ̀kan fún aago, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, àti pèpéle olódòdó tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele ìpele, pẹ̀lú orísun omi àti ère láàárín. Bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ kó lè dà bí òkúta. Irin ni wọ́n lò fún òpó àti ìtì ilé nítorí iná. Oṣù Kẹfà ọdún 1845 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1846 ni tọkọtaya náà kọ́kọ́ sùn níbẹ̀, gbogbo iṣẹ́ sì parí lọ́dún 1851. Yàrá àwọn ọmọ wà lókè yàrá àwọn òbí gan-an. Nínú yàrá ìkọ̀wé, tábìlì méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan fún Ọbabìnrin, ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀, kí wọ́n lè jọ máa ka ìwé ìjọba pọ̀.

Ọgbà ilé náà ni ayọ̀ Albert. Ilẹ̀ yìí ń fẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń ra èyí tó yí i ká, títí tó fi tó nǹkan bí éékà 2,000. Ó gbin igi láti ilé títí dé etí omi, ó la ojú ọ̀nà, ó sì dá oko sílẹ̀. Ẹ̀ka igi kékeré kan tó ń jẹ́ myrtle, tí ìyá àgbà Albert fún Ọbabìnrin ní Jámánì, ni wọ́n gbìn sí ara ògiri pèpéle náà. Láti ìgbà tí àkọ́bí wọn ti ṣègbéyàwó lọ́dún 1858 ni ewé myrtle láti Osborne ti ń wà nínú òdòdó tí àwọn ìyàwó ilé ọba náà ń mú lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nísàlẹ̀ ọgbà, Ọbabìnrin ní etíkun tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ wẹ̀ nínú òkun ní oṣù Keje ọdún 1847. Yàrá onígi tó ní àgbá kẹ̀kẹ́ lábẹ́ ni wọ́n ń fi gbé e wọ inú omi kí ojú ẹnikẹ́ni má bàa tó o.

Fún àwọn ọmọ, wọ́n kọ́ ilé onígi kan sínú ọgbà láàárín ọdún 1853 sí 1854, bí irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ orí òkè Switzerland ń gbé. Ẹ̀gbẹ́ ilé yìí ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ní ebè tirẹ̀, ọkọ́ kékeré tirẹ̀, àti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ní ìkékúrú. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá gbìn tó bá yè, Albert ni yóò rà á lọ́wọ́ wọn, iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà ni yóò sì san. Àwọn ọmọbìnrin ń dáná nínú ilé ìdáná kékeré tó wà níbẹ̀, wọ́n ń se oúnjẹ fún bàbá àti ìyá wọn. Arthur, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin, kọ́ odi ogun kékeré síbẹ̀, ó sì padà di ọ̀gágun lóòótọ́. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tó máa ń pín ebè fún ọmọ kó lè mọ adùn ohun tí ọwọ́ ara ẹni gbìn kò ní rí ohun àjèjì kankan nínú èyí. Àjèjì ibẹ̀ ni pé ọmọ ọba tó ń ṣàkóso ìdá tó pọ̀ nínú ayé ló ń ro oko ẹ̀fọ́.

Láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà, orúkọ obìnrin yìí ti dé ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn olóyè Abẹ́òkúta fi ìwé ránṣẹ́ sí i lọ́wọ́ àwọn oníwàásù CMS, ó sì fi Bíbélì ta wọ́n lọ́rẹ lọ́dún 1849, Albert náà sì fi ẹ̀rọ ìlọgbàdo onírin kún un. Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá ọkọ̀ ogun kan tó ń jẹ́ Frederick Forbes mú ọmọbìnrin kékeré kan dé láti ààfin Gẹ̀zò, ọba Dàhòmì. Ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò lápá Òkè-Ọ̀dàn ni, Àìná ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ti pa àwọn òbí rẹ̀ nígbà tí wọ́n kógun ja ibẹ̀ lọ́dún 1848, ọmọ náà ì bá sì bá ètùtù lọ bí Forbes kò bá gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n sọ ọ́. Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ tó gbé e wá. Oṣù Kọkànlá ọdún 1850 ló kọ́kọ́ rí Ọbabìnrin ní Windsor. Ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, inú Victoria sì dùn sí i débi pé ó gbé ẹrù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí. Nígbà tó di ọdún 1862, Sarah fẹ́ James Pinson Lábùlọ̀ Davies, gbajúmọ̀ oníṣòwò Èkó, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan nílùú Brighton. Ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ bí, Victoria ni wọ́n sọ ọ́, Ọbabìnrin sì di ìyá ìsàmì rẹ̀.

Àánú tó ṣe fún ọmọ kan yìí kò dá ọwọ́ ìjọba rẹ̀ dúró. Oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun rẹ̀ yìnbọn jó Èkó. Ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 1861 ni wọ́n mú kí Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin. Dòsùnmú pàdánù ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́dún náà. Kí ọdún náà tó parí, ẹni tí wọ́n gba Èkó fún náà pàdánù tirẹ̀.

Ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá, ọdún 1861 ni Albert kú ní Windsor. Ọmọ ọdún 42 péré ni, Victoria náà sì jẹ́ ọmọ ọdún 42. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi sá lọ sí Osborne. Láti ọjọ́ yẹn ló ti wọ aṣọ dúdú tí kò bọ́ fún ogójì ọdún. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ohunkóhun nínú yàrá ìmúra Albert ní Osborne. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọbabìnrin bó ti wà. Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin, Alice, máa ṣègbéyàwó ní oṣù Keje ọdún 1862, yàrá ìjẹun Osborne ni wọ́n ti ṣe é, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìsìnkú ju ìgbéyàwó lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò fẹ́ kí ojú aráyé rí òun. Àwọn ará London bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àwọn kò mọ ohun tí ọba tí kì í jáde wà fún. Àwọn mínísítà rẹ̀ ní láti máa wọ ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n sì tún wọ ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n tó lè bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀fọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n opó yìí jẹ́ kó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì jìyà rẹ̀ jù.

Osborne ló ti ń ṣe Kérésìmesì láti ìgbà yẹn, ibẹ̀ náà ló sì ń wà ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Ìgbà gbogbo kọ́ ni ilé náà ń ṣọ̀fọ̀ o. Ní oṣù Kíní ọdún 1878, Alexander Graham Bell gbé ẹ̀rọ tẹlifóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wá síbẹ̀, Ọbabìnrin sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1880, Victoria Davies, ọmọ Sarah, ń lọ kí ìyá ìsàmì rẹ̀ ní Osborne nígbà tí ìròyìn dé pé ìyá rẹ̀ ti kú sí erékùṣù Madeira, níbi tó lọ tọ́jú ikọ́ ife. Ọmọ ọdún 17 ni. Bó ṣe gbọ́ ikú ìyá rẹ̀ náà ló dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin, opó tó mọ ohun tí ọ̀fọ̀ jẹ́ sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó ń bá ọmọ náà gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Ọdún 1877 ni wọ́n kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọbabìnrin àgbà ilẹ̀ Íńdíà. Kò fi ẹsẹ̀ kan Íńdíà rí, nítorí náà ó mú Íńdíà wá sílé. Láàárín ọdún 1890 sí 1892 ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan mọ́ Osborne, tí wọ́n ń pè ní Durbar Room. Bhai Ram Singh, oníṣẹ́ ọnà láti Íńdíà, ló ya gbogbo ọnà ara ògiri rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íńdíà kan, Abdul Karim, tó dé lọ́dún 1887 gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́, di olùkọ́ rẹ̀, ó ń kọ́ ọ ní èdè Urdu. Ó fún un ní ilé nínú ọgbà Osborne. Inú àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ìjòyè kò dùn sí i rárá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti yí i lọ́kàn padà.

Beatrice, àbíkẹ́yìn, ni kò fẹ́ kó fi òun sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà rí Henry láti ìdílé Battenberg fẹ́, ìyá rẹ̀ ní àfi kí tọkọtaya náà máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ṣọ́ọ̀ṣì Whippingham tó wà nítòsí ilé náà ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀ lọ́dún 1885. Ọkùnrin tó ń gbé lábẹ́ àna rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ara rẹ̀ kò lè gbà á mọ́. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun bá ogun Àṣáńtì lọ ní Gold Coast, ilẹ̀ tó padà di Gánà. Ibà mú un níbẹ̀. Oṣù Kíní ọdún 1896 ló kú sínú ọkọ̀ ojú omi létíkun Sàró, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ padà wá sin sí Whippingham, ṣọ́ọ̀ṣì tó ti gbé ìyàwó. Báyìí ni ogun tí wọ́n ń jà lórúkọ Ọbabìnrin ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ṣe wá kan ilẹ̀kùn Osborne.

Ó tún dé Osborne ní oṣù Kejìlá ọdún 1900 bó ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ kò sì gbé e. Ọjọ́ 22, oṣù Kíní, ọdún 1901, ní bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ló mí èémí ìkẹyìn lórí ibùsùn rẹ̀. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ yí i ká. Wilhelm, ọba Jámánì, tí í ṣe ọmọ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ló fi apá gbé e dúró. Ẹni ọdún 81 ni. Obìnrin tó wọ dúdú fún ogójì ọdún ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé funfun ni kí wọ́n fi sin òun: aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ fún un, wọ́n fi ìbòrí ìgbéyàwó rẹ̀ bò ó, wọ́n sì fi aṣọ ìwọ̀lé Albert sínú pósí. Yàrá ìjẹun, níbi tí Alice ti ṣègbéyàwó, ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọkọ̀ kékeré rẹ̀, Alberta, gbé e kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ ogun tó tò sórí omi, ó sì kúrò ní Osborne fún ìgbà ìkẹyìn. Ẹ̀gbẹ́ Albert ló sùn sí ní Frogmore, nítòsí Windsor.

Ìwé ìhágún rẹ̀ fi hàn pé ó fẹ́ kí Osborne máa jẹ́ ti ẹbí. Ṣùgbọ́n Bertie, tó ti di Ọba Edward Keje, ti ní ilé tirẹ̀ ní Sandringham láti ọdún 1862. Ilé tí ìyá rẹ̀ ti ń bá a wí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí òjìji bàbá rẹ̀ wà nínú gbogbo yàrá rẹ̀, kì í ṣe ibi tó wù ú láti máa gbé. Kò sí èyí tó fẹ́ gbà á nínú àwọn tó kù. Beatrice àti Louise, tí wọ́n ní ilé nínú ọgbà náà, fárí gá pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọba ti pinnu. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 1902, ọjọ́ tí wọ́n dé e ládé, ó kéde pé òun fi Osborne ta orílẹ̀-èdè lọ́rẹ. Abdul Karim ní tirẹ̀, wọ́n ti sun àwọn ìwé tí Ọbabìnrin kọ sí i, wọ́n sì dá a padà sí Íńdíà. Àwọn mìíràn lè pe ohun tí Edward ṣe ní àìgbọràn. Bó bá sì jẹ́ pé ó gbà á, tó wá tì í pa, tí òrùlé ń jò, ta ni ì bá jàǹfààní?

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ni wọ́n sọ ọgbọ́n àtijọ́ àwọn ẹṣin dà láti ọdún 1903 sí 1921. Ọmọ-ọmọ Edward méjì tí wọ́n padà di ọba kàwé níbẹ̀. Apá kan ilé náà di ibi tí àwọn ọ̀gágun tó gbọgbẹ́ ti ń gbádùn ara. Ṣùgbọ́n yàrá tí Ọbabìnrin ti kú àti àwọn yàrá ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, wọ́n fi ilẹ̀kùn onírin tì wọ́n pa. Ọdún 1954 ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì gbà kí ará ìlú wọ ibẹ̀. Láti ọdún 1986, English Heritage ló ń tọ́jú ilé náà. Lọ́dún 2012, wọ́n ṣí etíkun rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn: ibi tó ti ń fi yàrá onígi sá pamọ́ fún ojú aráyé, àwọn ọmọdé ń fi yanrìn ṣeré níbẹ̀ báyìí, yàrá onígi náà sì wà níbẹ̀ fún wọn láti wò.

Ọdún 2020 ni wọ́n gbé àwòrán tuntun kan kọ́ sára ògiri ilé náà. Hannah Uzor ló yà á. Àìná, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ló wà nínú rẹ̀, nínú aṣọ ìgbéyàwó funfun tó wọ̀ nílùú Brighton.